Ìtọ́jú Kíláàsì àti Ìtàn Èdè ní Agbègbè Kétu, láti 1903 títí di Òní

1. Ìfáárà

Bí a bá ń kọ̀wé lórí ìlànà èdè ní ilé-ìwé, òfin ni a sábà máa ń gbé yẹ̀ wò: ọdún tí wọ́n ṣe é, èdè tí ó fọwọ́ sí, èdè tí ó lé jáde. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin kì í dá wọ inú kíláàsì. Iṣẹ́ ojoojúmọ́ ló ń gbé e wọlé: ilẹ̀ gbígbá, títò sórí ìlà, yíyẹ èékánná wò, pátákó nínù, ìwé kíkó jọ. Àwọn nǹkan wọ̀nyí kéré lójú wa, ìdí nìyẹn tí a kì í fi í kọ wọ́n sílẹ̀.

Nínú iṣẹ́ yìí, mo fẹ́ fi hàn pé ní agbègbè Kétu, lórí òkè pẹrẹsẹ tí ìjọba Benin ń pè ní Plateau, ìtàn ìtọ́jú kíláàsì àti ìtàn lílo èdè nínú kíláàsì kò ṣe é yà sọ́tọ̀. Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ sọ. Èkíní, kì í ṣe ilé-ìwé ni ọmọ Kétu ti kọ́kọ́ mọ ètò àti ìmọ́tótó. Ó ti mọ̀ wọ́n láti ilé, ó sì ní ọ̀rọ̀ fún wọn. Èkejì, ilé-ìwé Faransé so ìmọ́tótó mọ́ èdè, débi pé Yorùbá di ọ̀kan lára ohun tí a ń gbá jáde. Ẹ̀kẹta, bí a ṣe to àga àti tábìlì sínú kíláàsì ní agbára lórí èdè tí ọmọ ń sọ, nígbà mìíràn ju ti òfin lọ. Ẹ̀kẹta yìí ló kàn wá jù lónìí, nítorí pé Yorùbá tún ti ń padà bọ̀ sínú kíláàsì.

2. Kétu láàárín ìjọba méjì

Ní 1886, ọmọ-ogun Dahomey, ní ìgbà ọba Glèlè, wó ìlú Kétu, wọ́n sì kó àwọn ará ìlú lẹ́rú. Lẹ́yìn tí Faransé ṣẹ́gun ọba Béhanzin ni àwọn tó kù padà wálé láti tún ìlú wọn kọ́. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó padà, a ti fa ìlà gba àárín ilẹ̀ wọn. Àdéhùn tí ìjọba Faransé àti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ 1889 fi Kétu sí apá Faransé, ó sì fi Ìmẹ̀kọ, tí ó jẹ́ ará Kétu láti ìpìlẹ̀, sí apá Gẹ̀ẹ́sì. A. I. Asiwaju ti ṣàlàyé ohun tí ìlà yìí dá sílẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ Western Yorubaland under European Rule, 1889–1945, tí ó jáde ní 1976.

Ènìyàn kan náà, èdè kan náà, ilé-ìwé méjì. Ní apá Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ìjọ ajíhìnrere ti ń fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà kí ìjọba tó dá sí i. Odindi Bíbélì ti wà ní Yorùbá láti 1884. Ìwé ìlànà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde ní 1925 lórí ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ Áfíríkà náà fi ọwọ́ sí i pé kí a lo èdè ìbílẹ̀. Nígbà tó yá, ọmọ tó wà ní Ìmẹ̀kọ ní ìwé bíi Aláwìíyé ti J. F. Ọdúnjọ lọ́wọ́.

Ní apá Faransé, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà. Àṣẹ ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá 1903, tí Gómìnà Àgbà Ernest Roume fọwọ́ sí, ló to ilé-ìwé gbogbo ilẹ̀ Faransé ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní ìpele: ilé-ìwé abúlé, ilé-ìwé agbègbè, ilé-ìwé ìlú ńlá. Àṣẹ 1922 de àwọn ilé-ìwé ìjọ náà mọ́ Faransé. Àṣẹ ọjọ́ 1 oṣù karùn-ún 1924 sì là á mọ́lẹ̀ pé Faransé nìkan ni kí a máa lò ní ilé-ìwé, àti pé olùkọ́ kò gbọdọ̀ bá akẹ́kọ̀ọ́ sọ èdè ìlú. Ìpàdé Brazzaville ní ìbẹ̀rẹ̀ 1944, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń yìn nítorí àwọn àtúnṣe mìíràn, kò yí èyí padà. Ńṣe ni ó tún un tẹnu mọ́.

Àwọn àṣẹ wọ̀nyí sọ ohun tí wọ́n fẹ́. Kí a tó mọ bí wọ́n ṣe ṣẹ, ó yẹ kí a wo ilé tí ọmọ ti wá àti yàrá tí ó wọ̀.

3. Ètò ilé kí ilé-ìwé tó dé

Ilẹ̀ Kétu pupa. Nígbà ọyẹ́, eruku a bo aṣọ, a bo ìwé, a bo ojú. Nígbà òjò, ẹrẹ̀ a lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀. Omi sì jẹ́ ohun ọ̀wọ́n ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tó ń gbé irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè fi ilẹ̀ gbígbá ṣeré. Ní agboolé, òwúrọ̀ kùtùkùtù ni àwọn ìyàwó ilé àti àwọn ọmọ máa ń mú ọwọ̀. Omi díẹ̀ ni a ó fi wọ́n ilẹ̀ kí eruku má bàa gbéra, a ó gbá a láti inú ilé bọ́ sí ìta, a ó sì kó ilẹ̀ náà lọ sí ààtàn. A kì í gbálẹ̀ lóru. Àwọn àgbà ní ọrọ̀ ilé ni ẹni bẹ́ẹ̀ ń gbá dànù.

Èdè wa fi hàn bí iṣẹ́ yìí ti jinlẹ̀ tó. Gbólóhùn "ilẹ̀ mọ́" ní ìtumọ̀ méjì: ojúmọ́ mọ́, tàbí kò sí ìdọ̀tí nílẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà, mọ́, ni a tún gbọ́ nínú ìmọ́tótó àti nínú ọkàn mímọ́. Ọ̀rọ̀-orúkọ ètò, tí a ń lò fún ètò ìjọba, ètò ẹ̀kọ́ àti ètò orí rédíò, wá láti ara tò, ìyẹn ohun tí ìyàwó ilé ń ṣe sí ìkòkò àti igbá lẹ́yìn tó bá fọ̀ wọ́n tán. Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe mìíràn tún wà: gbá, nù, kó, fọ̀, ká, àti àwọn tó máa ń là sí méjì láti gba àbọ̀ sí àárín, bíi tún yàrá ṣe, pa ohun tí a kọ rẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́fà gbọ́ gbogbo wọn, ó sì ń ṣe ohun tí wọ́n bá fi wọ́n sọ pé kí ó ṣe. Ọmọ náà kò wọ ilé-ìwé ní òfìfo. Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

4. Ohun tí ilé-ìwé mú wá

Kí ni ilé-ìwé fi kún un? Ó fi ìlà, agogo, àyẹ̀wò àti àkókò kún un. Ní ilé, a ń gbálẹ̀ nítorí ilẹ̀. Ní ilé-ìwé, a ń gbálẹ̀ nítorí pé ọjọ́ wa ló kàn, orúkọ wa sì wà lára ògiri. Kí agogo tó lù, ilẹ̀ ti gbọ́dọ̀ mọ́, pátákó ti gbọ́dọ̀ dúdú, omi ti gbọ́dọ̀ wà nínú ìkòkò. Agogo lù, ìlà dúró. Olùkọ́ a wo ọwọ́, èékánná, etí, ọrùn aṣọ. Lẹ́yìn èyí ni ọmọ wọlé, tí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀ títí a ó fi ní kí ó jókòó. Ilẹ̀ Faransé ni àṣà yìí ti wá, níbi tí àwọn òfin Jules Ferry ti 1881 àti 1882 ti sọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ àti dandan fún ọmọ gbogbo, tí ìmọ́tótó sì jẹ́ ara ẹ̀kọ́ ìwà.

Bí a ṣe ń lo ọwọ́ náà ní ìlànà. Àpẹẹrẹ rere kan ni ohun tí àwọn olùkọ́ Benin ṣì ń pè ní procédé La Martinière, láti ara orúkọ ilé-ìwé kan ní ìlú Lyon. Olùkọ́ béèrè ìṣirò, ó kan tábìlì: gbogbo ọmọ ronú. Ó tún kàn án: gbogbo ọmọ kọ ìdáhùn sára ardoise. Ó kàn án lẹ́ẹ̀kẹta: gbogbo ardoise gòkè lẹ́ẹ̀kan náà, olùkọ́ sì rí ẹni tó gbà á àti ẹni tó kùnà á ní ìṣẹ́jú kan. Ìlànà yìí gbéṣẹ́ nínú kíláàsì tó kún. Ẹ kíyè sí ohun kan nípa rẹ̀: ọmọ kò sọ ọ̀rọ̀ kankan. Ètò náà pé pérépéré láìsí ohùn ọmọ níbẹ̀.

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé gbogbo ìmọ́tótó ilé-ìwé jẹ́ ọgbọ́n ìjọba àjèjì láti fi ìyà jẹ ọmọ. Ilẹ̀ tí a kò gbá léwu. Jìgá, kòkòrò tó ń wọ ẹsẹ̀, tí ọkọ̀ ojú omi gbé dé etíkun Áfíríkà láti Brazil ní 1872, inú eruku gbígbẹ ló ń gbé. Ọmọ tó ń jókòó nínú kíláàsì eléruku láìwọ bàtà ni ó ń jẹ lẹ́sẹ̀. Ẹ̀kọ́ nípa omi, ọwọ́ fífọ̀ àti ẹ̀fọn ti gba ẹ̀mí là. Àwọn àgbà tó gba ilé-ìwé ayé ìjọba Faransé kọjá ṣì máa ń fi ìwé wọn tó mọ́ àti lẹ́tà wọn tó gún yangàn, ó sì tọ́ sí wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé èdè kan ṣoṣo ni a fi kọ́ wọn ní nǹkan wọ̀nyí, èdè náà sì di ara ìmọ́tótó fúnra rẹ̀. Georges Hardy, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ Faransé ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà láti 1914 sí 1919, pe ìwé rẹ̀ ti 1917 ní Une conquête morale. Ìṣẹ́gun ni iṣẹ́ náà lójú rẹ̀, inú ìwà ni ogun ọ̀hún sì wà. Ìwé kíkà Moussa et Gi-gla tó jáde ní 1916, tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ méjì inú rẹ̀ jẹ́ ọmọ Dahomey, kó ìwà, ìmọ́tótó, iṣẹ́ oko àti Faransé pọ̀ sínú ìtàn kan. Ọmọ tó ń kà á kò lè yọ ọ̀kan kúrò lára èkejì.

Ọ̀rọ̀ Faransé propre lè ràn wá lọ́wọ́ níbí. Ó túmọ̀ sí "tó mọ́", ó sì tún túmọ̀ sí "tí í ṣe ti ẹni". Latin proprius ló ti wá, ìtumọ̀ kejì ló sì kọ́kọ́ wà. Nínú ilé-ìwé Kétu, ìtumọ̀ méjèèjì kọjú ìjà síra wọn. Èdè tí í ṣe ti ọmọ gan-an ni wọ́n sọ pé kò mọ́.

5. Signal

Ohun tí a ń pè ní signal ní Benin ló fi ìdí èyí múlẹ̀. Ó lè jẹ́ igi, egungun, karawun ìgbín, tàbí ohun mìíràn tí kò wu ènìyàn láti gbé kọ́rùn. Ọmọ àkọ́kọ́ tó bá sọ èdè ìlú ni a ó gbé e kọ́ lọ́rùn. Òun náà á máa dẹ etí títí yóò fi gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ẹlòmíràn, a ó sì gbé e fún ẹni náà. Ẹni tí ó bá wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tí ilé-ìwé bá parí ni yóò jẹ ìyà. Nínú ọ̀pọ̀ ilé-ìwé, ilẹ̀ gbígbá tàbí ilé ìgbẹ́ fífọ̀ ni ìyà náà.

Ẹ jẹ́ kí a dúró lórí ìyà yìí. Iṣẹ́ tí í ṣe ọ̀wọ̀ nílé, tí ìyá ń fi kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ ilé, di ohun tí a fi ń jẹ ọmọ níyà nítorí pé ó sọ èdè ìyá náà. Ọwọ̀ àti èdè jọ relẹ̀ ní ọjọ́ kan. Ohun kejì ni pé àwọn ọmọ ni wọ́n ń ṣọ́ ara wọn. Olùkọ́ kò nílò láti wà níbẹ̀, bí kò ṣe nílò láti wà níbẹ̀ kí ẹni tó ni ọjọ́ gbígbá tó gbálẹ̀. Ọgbọ́n kan náà ni: fún ọmọ ní ojúṣe, yóò ṣọ́ ẹnìkejì rẹ̀.

Kì í ṣe Áfíríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ lò ó. Ní Bretagne, ní ilẹ̀ Faransé, àwọn ọmọ tó ń sọ Breton gbé symbole kọ́rùn. Ní Wales, ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, pátákó kékeré kan tí a kọ "W.N." sí ni wọ́n gbé kọ́ ọrùn ọmọ tó bá sọ èdè Wales. Láti 1794 ni Abbé Grégoire ti gbé ìwé síwájú ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Paris pé kí a pa àwọn èdè ìbílẹ̀ ilẹ̀ Faransé run. Ohun tó dé Kétu ti di àṣà níbòmíràn. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ọmọ Breton gbọ́ Faransé ní ọjà àti lẹ́nu àwọn ará ìlú ńlá, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ Kétu kò gbọ́ ọ níbi kankan àyàfi láàárín ògiri mẹ́rin kíláàsì.

6. Ìlà tàbí àgbájọ: bí a ṣe to àga lẹ́yìn 1960

Òmìnira 1960 kò gbé signal kúrò. Ìjọba Mathieu Kérékou, tó gba agbára ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá 1972, ló kọ́kọ́ gbìyànjú láti yí ilé-ìwé padà láti ìpìlẹ̀. Òfin oṣù kẹfà 1975 dá École nouvelle sílẹ̀: ilé-ìwé ní oko, ọmọ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, a sì ṣèlérí pé èdè orílẹ̀-èdè yóò di èdè ẹ̀kọ́. Wọ́n lo èdè ìlú fún àwọn ọmọ kéékèèké ní àwọn ibùdó tí wọ́n dá sílẹ̀ fún wọn. Ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, oko dé, ṣùgbọ́n èdè kò dé. Iṣẹ́ ọwọ́ pọ̀ sí i, inú oko àti àgbàlá sì ni Yorùbá dúró sí.

Èmi náà jókòó sí irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ ní abúlé kan ní Kétu, ní nǹkan bí 2004. Orúkọ àwọn tó ń gbálẹ̀ wà lára ògiri, lábẹ́ lundi, mardi àti ìyókù. Àwọn ọmọbìnrin mú ọwọ̀, àwọn ọmọkùnrin mú àdá fún koríko. Yorùbá ni a fi ń ṣe gbogbo rẹ̀: "Wọ́n omi síbẹ̀ kí o tó gbá a." "Tò wọ́n dáadáa." "Ìwọ lo kàn lónìí." Bí agogo bá ti lù, tí a gbọ́ "En rang!", Yorùbá ti parí. Àwọn ọ̀rọ̀ bíi craie, ardoise, cahier àti tableau nìkan ló wà ní apá méjèèjì, nítorí pé a ń sọ wọ́n nínú gbólóhùn Yorùbá pẹ̀lú.

Charles Ferguson lo ọ̀rọ̀ diglossie ní 1959 fún oríṣi èdè méjì tí wọ́n pín iṣẹ́ láàárín ara wọn, ọ̀kan ga, ọ̀kan relẹ̀. Joshua Fishman sì fẹ̀ ẹ́ lójú ní 1967 kí ó lè gba èdè méjì tí kò bára tan. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni pé nínú kíláàsì Kétu, ìpín náà kò dá lórí ibi nìkan. Yàrá kan náà ni. Ìṣẹ́jú kan ló yà wọ́n: Yorùbá ni èdè títún yàrá ṣe, Faransé ni èdè lílo yàrá tí a ti tún ṣe.

Láti 1999 ni ètò ẹ̀kọ́ tuntun, nouveaux programmes d'études, bẹ̀rẹ̀ sí í tàn ká gbogbo Benin. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti bá a jà lórí ìṣirò àti àkọtọ́. Ohun tí mo fẹ́ kí a wò ni àga. Ètò yìí pín iṣẹ́ kíláàsì sí mẹ́ta: ọmọ ṣe é fúnra rẹ̀, ó bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe é, kíláàsì jọ ṣe é. Nítorí ìpín kejì, olùkọ́ yí àwọn table-banc padà, ó kó wọn jọ ní méjì méjì tàbí mẹ́ta mẹ́ta, kí ọmọ kọjú síra.

Nígbà tí àga wà lórí ìlà, ẹ̀yìn ọrùn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ àti ojú olùkọ́ ni ọmọ ń rí. Olùkọ́ nìkan ni ó lè bá sọ̀rọ̀, Faransé sì ni olùkọ́ ń gbọ́. Nígbà tí àga kọjú síra, ọmọ mẹ́fà ń wo ara wọn, wọ́n ní ìṣòro kan láti yanjú, olùkọ́ kan kò sì lè wà lọ́dọ̀ gbogbo ẹgbẹ́. Èdè wo ni wọn yóò fi jiyàn? Ẹni tó bá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ mọ ìdáhùn. Yorùbá ni wọ́n fi ń wá ìdáhùn, Faransé ni wọ́n fi ń gbé e lọ fún olùkọ́. Láìsí òfin tuntun kankan, àga tí a yí padà ṣí ilẹ̀kùn tí àṣẹ 1924 tì.

7. Ìkádìí: ohun tó wà níwájú

Òfin orílẹ̀-èdè ti ọjọ́ 11 oṣù kejìlá 1990, ní abala rẹ̀ kọkànlá, fún gbogbo ẹ̀yà ní ẹ̀tọ́ láti sọ èdè wọn, láti kọ ọ́, kí wọ́n sì mú àṣà tiwọn gbèrú. Propre ni ọ̀rọ̀ tí ó lò fún "tiwọn" náà. Benin wà lára àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́jọ àkọ́kọ́ tó wọ ètò ELAN fún ẹ̀kọ́ ní èdè ìbílẹ̀ pẹ̀lú Faransé, a sì ti ń dán an wò ní àwọn ilé-ìwé kan láti nǹkan bí 2013. Tí a bá ń múra ìwé sílẹ̀ fún irú kíláàsì bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ìṣirò àti ọ̀rọ̀ gírámà ni a kọ́kọ́ ń wá. Èmi rò pé ọ̀rọ̀ ètò kíláàsì ló yẹ kó ṣáájú. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ CI, àṣẹ ni ó kọ́kọ́ ń gbọ́: dúró, jókòó, mú ìwé rẹ, pa á dé, kó o jọ. Bí kò bá gbọ́ ọ, a kì í sọ pé kò gbọ́ Faransé. Aláìgbọràn tàbí ọ̀bùn ni a ń pè é, orúkọ náà sì lè bá a dé CM2. Yorùbá ní gbogbo àṣẹ wọ̀nyí láti ilé. Kò sí èyí tí a ní láti hun.

Ewu méjì ni mo rí. Èkíní, a lè gbé Yorùbá ìwé, èyí tí a kọ ní Ìbàdàn àti Èkó, wá sí Kétu, kí a wá máa sọ fún ọmọ pé Yorùbá tí ìyá rẹ̀ ń sọ kò mọ́. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, a kàn yí signal padà ni. Ẹ̀ka-èdè Kétu ni kí a kọ́kọ́ fi tọ́jú kíláàsì, kí Yorùbá ìwé wá lẹ́yìn. Èkejì, kì í ṣe Yorùbá nìkan ni ọmọ tó wà ní àwọn kíláàsì wọ̀nyí ń sọ: Fọ̀n, Máhì àti Fúlàní wà láàárín wọn. Èdè wa kò gbọdọ̀ di ọwọ̀ tí a fi ń gbá tiwọn jáde.

Iṣẹ́ kan wà nílẹ̀ fún àwa akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀dá-èdè: kí a kó àwọn àṣẹ àti ọ̀rọ̀-ìṣe ìtọ́jú kíláàsì jọ bí wọ́n ṣe ń sọ wọ́n ní Kétu, Pobè, Sakété àti abúlé wọn, pẹ̀lú ohùn wọn. A kò lè rí wọn gbà sílẹ̀ bí a bá dé lẹ́yìn tí olùkọ́ ti wọlé, nítorí ìgbà yẹn Faransé ti bẹ̀rẹ̀. Kí a dé ibẹ̀ kí agogo tó lù.